Ta Ni Ká Bi?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ju ọ̀rọ̀ kan sẹ́nu bí obì, ká rọra jẹ ẹ́ wò: ìpinnu. Ẹ má tíì gbé e mì o. Lójoojúmọ́ là ń rí i lára pátákó ìkéde. "A ti pinnu pé owó ibùgbé yóò lé." "Wọ́n ti pinnu pé ìdánwò kò ní wáyé lọ́sẹ̀ yìí mọ́." Ta ni "a"? Ta ni "wọ́n"? Bébà náà kò sọ. Ẹ wo iwájú rẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ò ní rí ojú ènìyàn kankan níbẹ̀. Àfi bí ẹni pé inú ògiri ni ìpinnu náà ti yọ jáde bí alángbá, tó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ ká jọ sọ. Owó ibùgbé ń dùn mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ìpinnu ńlá kan ṣẹlẹ̀ níṣojú mi, mo sì tún kàwé nípa àwọn mìíràn tó da odidi ìlú rú. Mo wá rí i pé ìbéèrè kan náà ló wà nínú gbogbo wọn.

Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fi àwa tá a ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. "Èdè tí ìyá ẹ fi ń bá ẹ wí láti kékeré náà lo tún wá ń kà ní yunifásítì?" Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń gbé yàrá, Òfin ló ń kà, òun gan-an ni aṣíwájú àwọn ẹlẹ́yà yìí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí kò sí ohun tá a lè ṣe ju ká máa pa ẹ̀fọn lọ, ó ké sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ Yorùbá, kí lẹ ń pe decision?"

Mo ní, "Èwo nínú wọn?"

Ó ní, "Ṣé wọ́n pọ̀ ni?"

Mo ní wọ́n pọ̀ jọjọ. Mo wá kà wọ́n fún un. Ìpinnu wà: bí èmi ṣe tú u, inú ló pin. Inú tó ti ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún ti dé òpin ìrìn rẹ̀, ó jókòó. Ikùn ẹnìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀, ojú ẹlòmíràn kò tó o. Ìdájọ́ wà: a dá ẹjọ́, bí ẹní dá igi sí méjì. Ìyẹn kò lè wáyé láìsí ẹni tó rojọ́ àti ẹni tó wí tẹnu tiẹ̀, torí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìfẹnukò wà: ẹnu púpọ̀ gbéra, wọ́n sì pàdé lójú kan. Àṣẹ wá wà, èyí tí kì í béèrè bóyá inú ẹnikẹ́ni ti pin tàbí ẹnu ẹnikẹ́ni ti kò. Tiẹ̀ ni kó ṣáà ti ṣẹ.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, inú apẹ̀rẹ̀ kan ni òyìnbó kó gbogbo wọn sí." Ó sọ fún mi pé láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti wá, pé kí á gé nǹkan kúrò ló túmọ̀ sí níbẹ̀, pé ti àwọn ará Jámánì, Entscheidung, ìyapa ló wà nínú tiwọn. Ó ní bí mo bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀bẹ yẹn mú dé, kí n lọ ka Carl Schmitt. Ó yá mi ní fótókọ́pì kan tí etí rẹ̀ ti ya. Bí mo ṣe kó wọ inú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ẹ̀ka wa nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ni Schmitt, ọmọ Jámánì, wọ́n bí i ní 1888, ó kú ní 1985. Ní 1922 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tó pè ní Politische Theologie. Ohun tó fi ṣí ìwé náà, bí mo bá fi ẹnu tiwa sọ ọ́, ni pé bí o bá fẹ́ mọ ẹni tó ni ìlú, má wo ìgbà tí nǹkan ń lọ déédéé. Dúró di ọjọ́ tí nǹkan bá dojú rú kọjá ohun tí òfin rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dìde lọ́jọ́ náà tó ní ó ti dojú rú, tó sì sọ ohun tí a ó ṣe sí i, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀, òun ló ni ìlú. Lójú Schmitt, òfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ gbé e.

Ẹni tó ta kò ó jù ni Hans Kelsen, ọmọ Austria tí wọ́n bí ní Prague ní 1881, tó wà lára àwọn tó kọ ìwé òfin ilẹ̀ Austria ti 1920. Kelsen ní àkàbà ni òfin. Ìdájọ́ adájọ́ kékeré ń gba agbára lọ́dọ̀ òfin tó wà lókè rẹ̀, òfin yẹn náà ń gbà á lọ́dọ̀ èyí tó tún ga jù ú lọ, títí dé òkè. Ẹni tó bá pinnu ohunkóhun, orí àkàbà yẹn ló dúró lé. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ènìyàn lásán ni. Ní 1931 àwọn méjèèjì kọ̀wé ta ko ara wọn lórí ìbéèrè kan: ta ni kí ó máa ṣọ́ ìwé òfin ilẹ̀? Schmitt ní Ààrẹ ni. Kelsen ní ilé ẹjọ́ ni.

N kò fẹ́ràn Schmitt, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nàìjíríà. Abala 305 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló fún Ààrẹ lágbára láti kéde ohun tí àwọn ìwé ìròyìn ń pè ní ìlú-ò-fararọ. Ní 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Plateau, ó ní kí gómìnà Joshua Dariye lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun fẹ̀yìntì kan sípò. Ní 2006 ó tún ṣe é ní Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn du ìjókòó gómìnà. Ọ̀gágun fẹ̀yìntì Adétúnjí Olúrìn ló rán lọ síbẹ̀. Ní 2013, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde rẹ̀ ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí Boko Haram. Àwọn gómìnà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí àga wọn. Ní 18 Oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Gómìnà Siminalayi Fubara, igbákejì rẹ̀ àti Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà.

Abala kan náà ni o. Kò sí ibi tí abala náà ti ní kí gómìnà lọ, kò sì sí ibi tó ti ní kó dúró. Òfin kò lójú; ẹnìkan ló ń bá a ríran. Níbi tá a dé yìí, Schmitt fẹ́ borí Kelsen.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jù ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ fún mi nìyí. Lọ́dún tí mo wà ní ipele kejì, bàbá mi dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn kan. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ òsì wá di ńlá. Ní nǹkan bí aago méjìlá òru, dókítà pè wá síta. Ó ní oró egbò náà ti ń gòkè, pé bí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a má fọkàn sí i pé bàbá á yè é. Bàbá mi kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, kò lè fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìyá mi kò sí láyé. Èmi ni ọmọ, ṣùgbọ́n dókítà wo ojú mi, ó sì gbójú kúrò. Nínú ẹbí wa, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi pátápátá, ló máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí irú nǹkan báyìí, abúlé ló sì wà. A pè é, fóònù kò wọlé. A tún pè é. Obìnrin inú fóònù yẹn ṣáà ń sọ ohun kan náà fún wa.

Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Àdìrẹ ló ń tà. Kò mọ Schmitt, kò mọ Kelsen. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè, ó ń lọ́ ọ mọ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fojú ara mi rí bí inú ṣe ń pin. Ó wá dìde, ó ní kí n fún òun ní bíró. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn?"

Ó ní, "Èmi ni mo wà níbí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò ní àṣà ẹbí wa ló fún òun láyè, torí àṣà ẹbí wa kò fún un láyè. Kò ní dókítà ló pinnu. Kò sì ní "wọ́n". Nǹkan ti dojú rú, òfin ẹbí kò ríran débẹ̀, ẹnìkan ló dìde. Bí Schmitt bá jókòó sí bẹ́ǹṣì yẹn lóru ọjọ́ náà, ì bá ní "Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe wí?"

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Bàbá mi yè é. Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀, apá kejì tó kù yìí ni n kò rí nínú fótókọ́pì ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹbí pé. Bàbá Àgbà ti abúlé dé tìbínú-tìbínú. Wọ́n ní ta ló fún obìnrin láṣẹ láti gé ẹsẹ̀ ọkùnrin. Wọ́n ní ṣé kò lè dúró di àárọ̀ ni. Ẹnìkan ní irú egbò bẹ́ẹ̀ ń jinná lọ́dọ̀ bàbá kan tí òun mọ̀. Àǹtí mi kúnlẹ̀ kí wọn, ó bọ́ sí àárín ilé, ó jókòó sórí ẹní. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ má bi dókítà, ẹ má bi ọmọ yìí. Ohun tí mo rí nìyí, ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí, bí mo ṣe pè yín tí ẹ ò gbé e nìyí. Ó yá, ẹ bi mí."

Wọ́n sì bi í. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí oòrùn fi yí, wọ́n ń bi í, ó ń dáhùn. Ìgbà tí ẹnu rọ̀ wọ́n, Bàbá Àgbà ní òun kò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́. Bàbá mi fúnra rẹ̀ kò bá Àǹtí sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì. Títí di òní, bí ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ bá ń yún un, á ní kí wọ́n lọ pe ẹni tó gé e wá. Àǹtí á sì wá.

Ohun tí mo rí dì mú nìyẹn. Ẹnìkan ló máa ń pinnu, a ò lè sá fún ìyẹn. Schmitt rí i, kò purọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù: lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ bi ẹni tó pinnu, ṣé yóò jókòó sórí ẹní? Àṣẹ tí a lè bi léèrè, a lè máa bá a gbé, kódà bí ó bá dùn wá dé eegun. Èyí tí a kò lè bi léèrè, ipá ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi yíǹkì wúrà kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Jámánì, níbi tí Schmitt wà láyé láti rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kó ṣẹ. Ìwé òfin tí wọ́n kọ ní Weimar ní 1919 ní abala 48, tó fún Ààrẹ láyè láti fi àṣẹ ṣèjọba bí ìlú bá dàrú. Friedrich Ebert, Ààrẹ àkọ́kọ́, lò ó ju ìgbà 100 lọ. Ṣùgbọ́n abala náà ní kí Ààrẹ sọ fún ilé aṣòfin, ilé aṣòfin sì lè ní kó dá àṣẹ náà dúró. Ìyẹn ni pé ẹni tí yóò bi í wà. Ní 17 Oṣù Keje 1932, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Altona ní ìpínlẹ̀ Prussia nígbà tí àwọn Násì wọ́de kọjá láàárín àwọn Kọ́múnísì. Ènìyàn 18 kú. Lọ́jọ́ kẹta, olórí ìjọba àpapọ̀, Franz von Papen, fi àṣẹ tí Ààrẹ Paul von Hindenburg fọwọ́ sí lé ìjọba Prussia kúrò, ó sì fi ara rẹ̀ joyè alábòójútó. Prussia kì í ṣe ìpínlẹ̀ kékeré o. Èyí tó ju ìdajì àwọn ará Jámánì lọ ń gbé níbẹ̀.

Prussia gbé ẹjọ́ lọ sí Leipzig. Schmitt wà lára àwọn tó gba ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ rò. Ní 25 Oṣù Kẹwàá 1932, ilé ẹjọ́ dá a sí méjì: àwọn mínísítà tí wọ́n lé ṣì ń jẹ́ mínísítà, ṣùgbọ́n agbára ìjọba lè wà lọ́wọ́ alábòójútó fún ìgbà díẹ̀. Orúkọ fún ẹnìkan, ọ̀bẹ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Hitler di olórí ìjọba ní 30 Oṣù Kìíní 1933, ọ̀bẹ náà ti wà lórí tábìlì, ọlọ́pàá Prussia sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀. Ní 28 Oṣù Kejì, lẹ́yìn tí iná jó ilé aṣòfin, wọ́n tún fi abala 48 gba ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú. Kò padà sọ́wọ́ wọn títí ìjọba náà fi ṣubú ní 1945. Schmitt wọ ẹgbẹ́ Násì ní 1 Oṣù Karùn-ún 1933. Ní ìparí Oṣù Kẹfà 1934, Hitler ní kí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láìsí ẹjọ́ kankan. Schmitt kọ àpilẹ̀kọ láti gbè é lẹ́yìn, ó ní olórí fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bo òfin, òun náà sì ni adájọ́.

Ẹ rántí apẹ̀rẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Ìfẹnukò kú, ìdájọ́ wọ inú ìpinnu, ìpinnu wọ inú àṣẹ, ikùn ẹnìkan ṣoṣo sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ìdí tí n kò fi fẹ́ràn ọkùnrin náà nìyí. Ó mọ̀ pé ẹnìkan ní láti dìde. Nígbà tí ẹni náà dìde, ó ràn án lọ́wọ́ kó má baà jókòó sórí ẹní láé.

Bẹ́ẹ bá ń rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn, ẹ dúró. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ti Prussia, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, ìjà ti wọ inú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, láàárín Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá tó jẹ́ Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí ni Gómìnà. Òfin agbègbè náà ní Gómìnà lè yọ Prẹ́míà bí ó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ àwọn aṣòfin kò sí lẹ́yìn ọkùnrin náà mọ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin: bí ó bá hàn sí i. Òfin kò lójú, mo ti wí. Ojú Gómìnà ni wọ́n yá a. Lẹ́tà kan dé ọwọ́ Gómìnà, aṣòfin 66 ló fọwọ́ sí i, wọ́n ju ìdajì lọ. Ó hàn sí i. Ní 21 Oṣù Karùn-ún, ó yọ Akíntọ́lá, ó fi Alhaji Dáúdà Adégbénró sípò rẹ̀. Akíntọ́lá ní èèwọ̀: orí bébà kọ́ ló yẹ kó ti hàn, inú Ilé Ìgbìmọ̀ ni, kí wọ́n dìbò.

Ní 25 Oṣù Karùn-ún, Ilé pé. Àga ń fò, wọ́n ṣẹ́ ọ̀pá àṣẹ, ọlọ́pàá yin tajútajú. Ní 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, lábẹ́ Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, kéde ìlú-ò-fararọ. Wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, ṣe alábòójútó Ìwọ̀-Oòrùn. Ibi kan ṣoṣo tí Akíntọ́lá ní kí wọ́n ti ka orí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wà ní títì.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Èkó gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1962. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní àfi kí aṣòfin dìbò nínú Ilé kí Gómìnà tó lè yọ Prẹ́míà. Ọ̀kan nínú wọn, Lionel Brett, kò bá wọn lọ. Nígbà tí ìlú-ò-fararọ parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga. Adégbénró gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council ní London, torí ibẹ̀ ni òpin ẹjọ́ wa wà nígbà náà. Ní 27 Oṣù Karùn-ún 1963, wọ́n ní Gómìnà jàre: òfin kò sọ pé ọ̀nà kan péré ló gbọ́dọ̀ gbà hàn sí i.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé e. Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yára tún òfin náà kọ pé àfi ìbò nínú Ilé, wọ́n sì ní kí àtúnkọ náà bẹ̀rẹ̀ láti 2 Oṣù Kẹwàá 1960. Ní 1963 ni wọ́n kọ òfin tó sọ ohun tí Gómìnà ṣe ní 1962 di ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn baba wa máa ń sọ̀rọ̀ òkò Èṣù, èyí tí ó jù lónìí tó lọ pa ẹyẹ àná. Àdììtú ni mo kà á sí tẹ́lẹ̀. Àṣé ó lè jẹ́ ètò ìjọba. Ní 1 Oṣù Kẹwàá 1963, Nàìjíríà di ilẹ̀ olómìnira tó ní Ààrẹ tirẹ̀, ẹjọ́ wa kò sì lọ sí Privy Council mọ́.

Ẹni tó jàre láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá kọ́ ni mo ń wá. Ilé ọtí tó wà lẹ́yìn ọgbà wa ló ni ìyẹn. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé Adérẹ̀mí fọwọ́ sí i ní orúkọ ara rẹ̀, ilé ẹjọ́ méjì sì yẹ ohun tó ṣe wò, ọ̀kan ní kò dáa, ọ̀kan ní ó dáa. Bí ìpinnu ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kódà bí wọ́n bá dá ẹni tó ṣe é lẹ́bi. Òfin tó ń rìn sẹ́yìn yàtọ̀ pátápátá. Ó pa ìbéèrè náà fúnra rẹ̀, ó sì sin ín. Ìgbà tí ìbò Oṣù Kẹwàá 1965 tún dàrú, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò wá adájọ́ mọ́. Epo bẹntiróòlù ni wọ́n gbé, wọ́n pè é ní wẹtiẹ. Ní 15 Oṣù Kìíní 1966, àwọn ológun dé.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó bí Schmitt. Aláàfin ni aláṣẹ, ẹnikẹ́ni kì í bi í lẹ́jọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá fẹnu kò pé ó tó gẹ́ẹ́, Báṣọ̀run á jẹ́ ẹnu wọn, wọ́n á kọ ọba, ọba á sì kú. Ìtàn fi yé wa pé ọ̀kan nínú Ọ̀yọ́ Mèsì fúnra wọn, Samù, gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀? Àwọn tó pinnu pé kí ẹlòmíràn kú, ikú náà á kan ilé tiwọn. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Síbẹ̀ Báṣọ̀run Gáà dé láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó rán Aláàfin lọ sọ́run tẹ̀ léra wọn, kò sì sí ẹni tó tó o bi, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Títí di òní, ikú Gáà la fi ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá ní àyà láti ṣèkà. Ètò kò ju ètò lọ. Ó ní láti ní àwọn tí yóò máa bèèrè.

Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ Rivers ti 2025 fún ìṣẹ́jú kan. Abala 305 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní ilé méjèèjì fọwọ́ sí ìkéde Ààrẹ. Ìdá méjì nínú mẹ́ta, iye ni. Orí là ń kà kí a tó mọ̀ ọ́n. Ní 20 Oṣù Kẹta, ohùn ni wọ́n fi dìbò ní ilé méjèèjì: àwọn tó gbà ké, àwọn tí kò gbà ké, alága gbọ́, ó lu òòlù. Bóyá ìkéde náà tọ́ bóyá kò tọ́, ẹ lọ bi aṣòfin tó ń ṣojú agbègbè yín pé ẹ̀gbẹ́ wo ni ohùn rẹ̀ wà. Ohun tó bá wù ú ló lè sọ fún yín. Ariwo kì í ní orúkọ.

Ọ̀rẹ́ mi bi mí lọ́jọ́ kejì pé kí ni ẹ̀kọ́ Yorùbá wá fẹ́ ṣe sí gbogbo èyí. Mo ní ó lè ṣe nǹkan kan. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè kọ ìkéde kó má sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìpinnu á kàn ti wáyé, bí òjò ṣe ń rọ̀. Èdè tiwa kì í fẹ́ gba irú ìwà bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́, àfi ká ní ẹnìkan ṣe é, bí a kò bá tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. "Wọ́n" ti pinnu. Àwọn kan sá pamọ́ sẹ́yìn "wọ́n" yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè náà ti tú wọn fó: ènìyàn ni wọ́n, wọ́n lẹ́nu, wọ́n lórúkọ, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi lè jókòó sórí ẹní.

Nítorí náà, ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ní kíláàsì, níbikíbi tí wọ́n bá ti kà á sí wa létí pé wọ́n ti pinnu, ẹ jẹ́ ká na ọwọ́ sókè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má jà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni 'wọ́n'?"